Ẹ̀yin tó ń dá tukọ̀, kí lẹ fi ń di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú?

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ méjì péré ni mo ní. Ọ̀kan wà lára ọ̀pá ìtọ́kọ̀, èkejì wà lára okùn ìgbòkun. Bí imú bá ń yún mi ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ojú mi là, ìgbòkun iwájú ló há, mo ní kí n sáré lọ tú u. Mo fi ọ̀pá sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó débẹ̀, ọkọ̀ ti kọjú sí afẹ́fẹ́, ìgbòkun ńlá ń gbọ̀n pàpàpà, igi abẹ́ rẹ̀ sì gbá mi léjìká. Ìgbà tí mo tún jáde, mo fi okùn so ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pinpin. Ó dúró lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣàdédé le, mi ò rí kókó yẹn tú: ó ti rin omi, ó le bí eegun. Kí lẹ̀yin ń lò?

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Ẹ má ta kókó sí ọ̀pá mọ́. Okùn kan ṣoṣo lèmi ń lò. Mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo yí i po ọ̀pá lẹ́ẹ̀mẹta nítòsí ibi tí ọwọ́ ń dì mú, mo wá fi rọ́bà tó ń fà sí i lẹ́nu kí n tó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì. Rọ́bà yẹn ló ń jẹ́ kí okùn gbá ọ̀pá mú. Síbẹ̀, bí mo bá fọwọ́ tì í, á yọ̀ díẹ̀, á sì dúró síbi tí mo bá gbé e sí. Mo yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún rí, ó há gádígádí. Bí ọ̀dà tó ń dán bá wà lára ọ̀pá yín, ẹ fi awọ wé e.

* * *

Ìyẹn dára fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ dá tọ́ ara rẹ̀ pẹ́, okùn ìgbòkun gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀ níṣẹ́. Mo ya okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lára okùn ìgbòkun ńlá, mo gbé e gba inú púlì kékeré lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, mo fi kọ́ ọ̀pá. Lódìkejì, rọ́bà oníhò ni mo so, irú èyí tí dókítà fi ń di apá kó tó gba ẹ̀jẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le tí ọkọ̀ fẹ́ kọjú sí i, ìgbòkun á fa okùn, okùn á fa ọ̀pá, iwájú ọkọ̀ á sì yà kúrò lójú afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, rọ́bà á borí, á dá a padà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ìwọ̀n rọ́bà tó yẹ. Ẹ kọ́kọ́ fa ìgbòkun yín sí ìwọ̀n tó yẹ ná: bí ọ̀pá bá ṣì ń bá yín jìjàkadì, kò sí okùn tó máa gbà yín.

* * *

Ẹ má sì fi ti Joshua Slocum tan ara yín o. Òun ló dá fi Spray, ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀, yí ayé po láti 1895 sí 1898, tó máa ń di ìtọ́kọ̀ mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ á máa lọ fúnra rẹ̀. Spray gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 36 lọ. Tiwa ńkọ́, tí èèyàn bá yí ìdí padà, ó ti ṣẹ́rí?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti dì ò mọ̀ pé ẹ ti já bọ́. Èyí tí ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni sábà máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́, á fẹsẹ̀ dúró. Èyí tẹ́ ẹ so, lílọ ló ń lọ. Mò ń gbọ́n omi lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀, apá kan ni mo fi rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀, bàtà mi kan ti bá omi lọ. Ọkọ̀ ń lọ geere. Ní báyìí, mo máa ń fi okùn so ara mi mọ́ ọkọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ti ọ̀pá.

* * *

Èmi tí mo béèrè ti dán okùn tí wọ́n ń yí po ọ̀pá lẹ́ẹ̀mẹta wò. Mo tú ìgbòkun iwájú, mo mu omi, mo fọwọ́ méjèèjì họ imú. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, ọkọ̀ mi ń rìn bí ọ̀mùtí. Ta ló ti rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn?