Ṣé ilẹ̀ wíwà nìkan niṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n akíọ́lọ́jì ni?

Ẹ̀gbọ́nỌmọ: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ní akíọ́lọ́jì lòun máa kà, ti ayé àtijọ́ tí ò tíì síwèé rárá, bàbá wa dẹ̀ ti fárígá pé ṣé torí kó lè máa walẹ̀ lòun ṣe ń sanwó iléèwé. Ẹni tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí ẹ̀, kí ló ń ṣe láàárọ̀ dalẹ́ gan-an?

Eléépẹ̀: Walẹ̀ kẹ̀! Ilẹ̀ wíwà ló kéré jù níbẹ̀. Ẹ wo Thurstan Shaw, òyìnbó tó dọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ọdún 1965 ló gbẹ́ Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́ (Iwo Eleru ni wọ́n kọ sínú ìwé, ẹ ò rí nǹkan), wọ́n rí egungun èèyàn tó ti tó bí 13,000 ọdún, àti òkúta tí wọ́n fi ṣe irinṣẹ́, ó lé ní 500,000, ẹnì kan dẹ̀ ní láti jókòó ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan kó tò ó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. 1984 ni àbọ̀ ẹ̀ tó jáde lódidi. Ọdún 19 o!

Táíwò_K: Igbo-Ukwu nílẹ̀ Ìgbò náà ńkọ́? Ará ìlú tó ń gbẹ́ kòtò omi ló kọ́kọ́ rí nǹkan níbẹ̀, Shaw wá gbẹ́ ẹ ní 1959 sí 1960, ó tún padà lọ ní 1964, ìwé ẹ̀ jáde ní 1970. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 165,000 ni wọ́n kà. Ìgbà tó wá ní iṣẹ́ idẹ tí wọ́n rí níbẹ̀ ti wà láti bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan fàáké kọ́rí pé kò lè pẹ́ tó yẹn, ó tún jókòó ó ń kọ̀wé dá wọn lóhùn. Iyàn jíjà wà nínú iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Eléépẹ̀: Ẹ má gbàgbé ẹ̀kọ́ kíkọ́. 1970 ni wọ́n dá ẹ̀ka akíọ́lọ́jì sílẹ̀ n'Íbàdàn, kó tó fẹ̀yìn tì ní 1974. Agbárí Ihò Eléérú yẹn náà, àwọn ẹlòmíì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2011, wọ́n ní ó jọ tàwọn èèyàn tó ti gbé ayé ṣáájú ìgbà ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Shaw ṣì wà láyé nígbà yẹn, ẹni ọdún 97.

Ẹ̀gbọ́nỌmọ: Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá ni mo rò pé wàhálà wà lọ́dọ̀ ẹ̀, àfi bó ṣe jẹ́ pé àbúrò mi yìí ò lè to ìwé ara ẹ̀ lásán, òun ni yóò wá to òkúta 500,000?