Ẹ gbà mí o: mo tún ẹ́ńjìnì 504 bàbá mi ṣe tán, kò lágbára mọ́

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kúbwá:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mi ò rí oorun sùn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́tò bàbá mi ni, Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ọdún 1982 ni bàbá rà á ní tuntun, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Òun ló ń gbé wa lọ sílé ní gbogbo Kérésìmesì: Tẹ́gínà, Mọ́kúwà, Jẹ́bà, Ìlọrin, títí wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa ọmọ márùn-ún á há sẹ́yìn, ìyá wa á gbé kúlà omi sáàárín ẹsẹ̀ níwájú. Kí bàbá tó kú ní 2019, wọ́n ní kí n má tà á.

Owó tí mo ti ná sí i, owó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀. Písítìn tuntun, ríìngì tuntun, sìlífù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun (ihò irin tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀), gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Fúnra mi ni mo lọ sí Pántẹ́kà ní Kàdúná lọ rà wọ́n. Mẹkáníìkì gba owó iṣẹ́ pé, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, á máa yí, á máa yí, kó tó dáhùn. Ibi tí ọ̀nà bá ti gòkè díẹ̀, jíà kejì ni mo fi ń gùn ún, kẹ̀kẹ́ Màrúwà á sì kọjá lára mi. Ẹnì kan bá mi fi gééjì wọn kọ̀mpíréṣọ̀n, agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: 85, 80, 60, 85 psi. Mẹkáníìkì ní tuntun ni, kó rìn díẹ̀ sí i. Wọ́n ti jẹ mí lówó, àbí kí ni kí n pè é?

Bàbá Ìbejì Nyanya:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yín dé ibi tó ń dùn mí. Èmi náà ní 504 wagon, òun ni mo fi ń kó iṣu láti Zàkí Bíàm wá sí Abuja. Bí a bá di iṣu sẹ́yìn rẹ̀, bọ́ńpà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, síbẹ̀ kò já mi kulẹ̀ rí. Àìsàn ìyàwó mi ló mú mi tà á ní 2008. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró rẹ̀ lójú títì, mo máa ń yíjú wò ó. Ẹ má tà á o.

Àlàájà Ẹlẹ́ran-Mọ́tò, Kàdúná:
Ọmọ mi, ayédèrú ríìngì ni wọ́n tà fún ọ. Ọdún kẹtàlélógún mi rèé nídìí ọjà yìí. Ẹ̀yin ọmọ Abuja á sáré wọ ọjà láìmú ẹni tó mọ ọjà dání, ẹ á wá máa sunkún. Tú u palẹ̀, kó o ra ríìngì gidi.

Tọ́nà Gwàgwàládà:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tú nǹkan kan palẹ̀. Arákùnrin, ẹ sọ ti Jẹ́bà, ẹ sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò sọ ohun tí a ó fi ràn yín lọ́wọ́. Kìlómítà mélòó ló ti rìn? Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ṣé wọ́n tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ṣé wọ́n tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé? Ṣé bátìrì lágbára? Tí ọ̀kan nínú èyí bá yẹ̀, irọ́ ni gééjì máa pa. Ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá fò sókè, ríìngì tàbí sìlífù ni. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, ẹ wo ọ̀nà fáàfù, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kúbwá:
Àlàájà, mi ò ra ayédèrú. Ọ̀dọ̀ baba tó ń ta ẹ̀yà fún bàbá mi nígbà ayé wọn ni mo ti rà á. Ó ti rìn bí 900 kìlómítà, bátìrì sì jẹ́ tuntun. Mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ pé mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́tò yìí.

Àlàájà Ẹlẹ́ran-Mọ́tò, Kàdúná:
Ẹni tó ta ọjà fún bàbá rẹ nígbà náà, ṣé òun náà ló ń rọ ríìngì ni? Ríìngì ni mo wí.

Tọ́nà Gwàgwàládà:
Àlàájà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ríìngì burúkú á fa èéfín búlúù, á sì máa jẹ ọ́ìlì. Ẹni yìí kò sọ pé mọ́tò òun ń jẹ ọ́ìlì.

Ọmọ Fọkanáísà, Lúgbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Ẹ gbé písítìn kìíní wá sókè níbi tó yẹ kí fáàfù méjèèjì ti pa dé, ẹ fi jíà dè é kó má yí, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn gba ojú plọ́ọ̀gì. Ẹ tẹ́tí. Bó bá ń jáde lẹ́nu sáléńsà, fáàfù tó ń tú èéfín jáde ni. Bó bá jẹ́ lẹ́nu kàbúrétọ̀, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ni. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì, ríìngì ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kúbwá:
Mo ti ṣe é. Ọ́ìlì kò fi ju 5 lọ kún un. Nígbà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu sáléńsà. Ó ń ṣe ṣììì, mo sì ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tútù lọ́wọ́ mi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jò bẹ́ẹ̀, ìkẹta ló pọ̀ jù. Báwo ni fáàfù mẹ́rin ṣe lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Tọ́nà Gwàgwàládà:
Wọn ò bàjẹ́, wọn ò pa dé ni. Ta ló fọwọ́ kan tápẹ́ẹ̀tì, àlàfo kékeré orí fáàfù, gbẹ̀yìn? Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe báyìí?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kúbwá:
Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó ń fò ni. Mo gùn ún lọ sí Kẹ́fì, mo gùn ún bọ̀, inú mi dùn. Ó rìn tó 500 kìlómítà, mo wá kà á pé ó yẹ ká tún bọ́ọ̀tù tọ́ọ̀pù sílíńdà fún lẹ́yìn tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jókòó. Mo yá sípánà oníwọ̀n, èmi fúnra mi ni mo fún gbogbo bọ́ọ̀tù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì ti ní kí n gbé e padà wá kóun tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe, mi ò lọ, torí mo rò pé owó ló tún ń wá.

Bàbá Ìbejì Nyanya:
Háà! Ẹ sì ní wọ́n jẹ yín lówó. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ bà lórúkọ jẹ́ níbí o.

Tọ́nà Gwàgwàládà:
Ibẹ̀ gan-an ni. Ìsàlẹ̀ ni kámù 504, irin tó ń ṣí fáàfù, wà, ọ̀pá gígùn ló ń ti fáàfù láti ibẹ̀. Bí ẹ bá fún bọ́ọ̀tù, gásíkẹ́ẹ̀tì á fún pọ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò kúrú. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì á tán, fáàfù ò ní lè jókòó mọ́. Èyí tó ń tú èéfín jáde ló sì léwu jù, torí ìgbà tó bá jókòó ló ń tutù. Ẹ dúró títí mọ́tò á fi tutù pátápátá. Ẹ fi 0.10 mìlímítà sí ti afẹ́fẹ́, 0.25 sí ti èéfín. Bí fáàfù sílíńdà kẹrin bá ń pààrọ̀, tí ọ̀kan ń pa dé tí èkejì ń ṣí, ẹ ṣe ti ìkíní. Bí ti ìkíní bá ń pààrọ̀, ẹ ṣe ti ìkẹrin. Bákan náà ni ìkejì àti ìkẹta.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kúbwá:
Mo ṣe é láàárọ̀ yìí kí oòrùn tó là. Nínú irin tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, èyí tó tín-ín-rín jù kò wọlé lábẹ́ ìkankan nínú ti èéfín. Mo tún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe, mo wọ̀n ọ́n: 140, 135, 90, 140. Ìkẹta ṣì ń jò. Mo ti pe mẹkáníìkì, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú.

Tọ́nà Gwàgwàládà:
Fáàfù ìkẹta ti jóná létí nìyẹn. Ẹ gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà wá ní Sátidé, èmi á bá yín lọ̀ ọ́. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bí ẹ bá sì ti ká a kúrò, ẹ má yí ẹ́ńjìnì o. Sìlífù yẹn kò lẹ̀ mọ́ bùlọ́ọ̀kù, ó jókòó lásán ni. Bó bá gbéra, omi á wọ inú ọ́ìlì. Ẹ kọ́kọ́ fi wáṣà àti bọ́ọ̀tù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kúbwá:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Àárọ̀ kùtù ni mo máa dé. Èmi àti mẹkáníìkì la jọ ń bọ̀.