Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ń làágùn: báwo la ṣe ń tọ́jú irin nínú mùsíọ́ọ̀mù kékeré ní Badagry?

Etí Ọ̀sà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹbí kan ní Badagry fẹ́ ṣí yàrá méjì fún àlejò. Ohun tó wà ńlẹ̀ ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀wọ̀n ọrùn kan, ìlù sato kan (ìlù ńlá àwọn Ẹ̀gùn) àti fọ́tò àtijọ́ bí ogójì. Omi pupa ń yọ lára irin bí òógùn, èèpo rẹ̀ sì ń ṣí. Àwọn kan ní ká fi epo pupa pa á. Ikán náà ti ń wo ìlù lójú.

Irin Kì í Sùn: Ẹ má fi epo pupa kàn án o, epo ẹ́ńjìnnì náà kọ́. Epo á kó eruku jọ, ọ̀rinrin á sì há sábẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ ló fa òógùn yẹn. Atẹ́gùn òkun ló gbé e wá, ó ti wọnú ìpẹtà lọ. Tí ojú ọjọ́ bá rin, iyọ̀ á fa omi mọ́ra, irin á máa jẹra lábẹ́ èèpo. Ẹ má fi sáńpépà ha á, torí àmì òòlù alágbẹ̀dẹ tí àlejò wá wò lẹ máa ha dànù.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọn ọ́n. Ẹ wá ike tó mọ́ gaara tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, kẹ́ ẹ da silica gel sí i (irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà). Tí irin bá wọn kílò 3, kí gel náà jẹ́ kílò 3. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin sínú rẹ̀: irin tó ti ní iyọ̀ kò gbọdọ̀ rí ju 20 nínú 100 lọ. Tí nọ́ńbà bá ti ń gòkè, ẹ yan gel náà nínú oven ní 110°C fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ dá a padà. Ẹ má fi pákó tàbí páálí sínú ike náà. Èéfín kíkan wọn máa ń jẹ irin.

Alágbàátọ́jú: Ìda ńkọ́? A máa ń fi Renaissance Wax pa irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì.

Irin Kì í Sùn: Ó dáa fún irin tí kò làágùn. Èyí tó ń làágùn, ẹ ti bo egbò tí ò tíì jinná nìyẹn.

Igi Ìrókò: Ní ti ìlù, ẹ gbé e sórí bíríkì, kẹ́ ẹ fi àyè bí ìbú ọwọ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Ilẹ̀ ni ikán ti ń bọ̀. Ẹ máa rí ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ kó tó dé ara igi. Tí ẹ bá tún ní ère kéékèèké tí kòkòrò ń lu, ẹ fi nylon dì wọ́n pinpin, kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú fìrísà. Tí iná bá lọ tí yìnyín yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọjọ́ lákọ̀tun. Tí wọ́n bá jáde, ẹ má tú nylon títí di ọjọ́ kejì, kí omi má bàa sẹ̀ sára igi. Sato ò lè wọ fìrísà, awọ tó le dan-in sì lè ya níbẹ̀.

Alágbàátọ́jú: Fọ́tò: ẹ má ṣe laminate, ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀dà kọ́, kí ojúlówó wà nínú òkùnkùn. Ẹ sì lọ wo mùsíọ́ọ̀mù Badagry, ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1863: ọ̀rọ̀ kan ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń sọ, wọn ò to nǹkan bí ìsọ̀.

Etí Ọ̀sà: Ẹ ṣeun. Ṣé ká máa ṣí ike náà fún àlejò?

Irin Kì í Sùn: Rárá. Ìdí tó fi mọ́ gaara nìyẹn.