Èsì: «ojúlówó ìtọ́jú» àbí «ìpéye ìtọ́jú»?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tó yẹ ohun tí wọ́n ń wọ̀n, ìyẹn bí ìtọ́jú ṣe dára tó, nígbà tí wọ́n bá ń yẹ fáìlì àwọn tó ń lo oògùn HIV wò. «Ojúlówó ìtọ́jú» tí ẹ̀gbọ́n wa dá lábàá dùn létí, àmọ́ ayédèrú ni òdìkejì rẹ̀: nǹkan jẹ́ ojúlówó tàbí kò jẹ́, kò ní ìwọ̀n. «Ìpéye ìtọ́jú» ni mo fara mọ́. Ìtọ́jú lè péye débì kan kó sì kù síbì kan: wọ́n fún aláìsàn lóògùn, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife.

Ẹ jọ̀ọ́, ká má pe èsì rere ní «ìwòsàn». Kòkòrò náà ṣì wà lára, oògùn ló tẹ̀ ẹ́ rì. Bí iye ẹ̀dà kòkòrò náà kò bá ju 1000 lọ nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí «ìtẹ̀rì». Bí ẹ̀rọ ò bá tiẹ̀ rí i mọ́, ìyẹn tún yàtọ̀, torí onítọ̀hún kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Mo dábàá «àìrí» fún un.

Ibi tó ta kókó jù rèé: ìtẹ̀rì láàárín àwọn wo? Ká ní 200 ènìyàn ló ti lo oògùn ju oṣù mẹ́fà lọ ní ilé ìwòsàn kan. 120 ló ní èsì àyẹ̀wò láàárín ọdún kan, 108 nínú wọn kò sì ju 1000 lọ. 108 nínú 120 jẹ́ 90%. 108 nínú 200 jẹ́ 54%. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ wa ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, 90% ni gbogbo èèyàn máa kọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ gbọọrọ: «ìtẹ̀rì láàárín àwọn tó ní èsì», «ìtẹ̀rì láàárín gbogbo ẹni tó yẹ ká yẹ̀ wò». Àwọn 80 yòókù ńkọ́? Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì nígbà tó yẹ. Ti ẹlòmíì pẹ́ ju wákàtí 24 lọ nínú ìgò kí wọ́n tó ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, ilé àyẹ̀wò sì dá a padà. Ti àwọn kan dé, kò sẹ́ni tó fi í sí fáìlì.

«Asálọ» tí wọ́n ń pe ẹni tó fi ọjọ́ 28 kọjá ọjọ́ oògùn rẹ̀ kò dára. Ó lè ti kú, ó lè ti lọ ilé ìwòsàn mìíràn, ó sì lè má lówó ọkọ̀. «Ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ já» kò dá a lẹ́bi. (Ẹ má ṣe gé e kúrú sí «ìjá», láìsí àmì, ìjà ni wọ́n á kà.)

Bí a bá ti ń tún fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ àwọn fáìlì náà wò ṣe, kí wọ́n yọ «àrùn kògbóògùn» kúrò lókè rẹ̀. Ìwé kan náà ló ń béèrè bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.