Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè to ìtàn tí kò ní déètì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń fi JavaScript, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ohun tí yóò máa to ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn àròsọ sórí ìlà. Ìwé Fágúnwà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti dojú rú. Ìtàn Àkàrà-Oògùn jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè ní 1949. Bẹ́ẹ̀ Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Oògùn, ni èyí dá lé lórí. Ọmọ ṣáájú bàbá! Mo kọ "nígbà kan rí" sí àyè déètì, "Invalid Date" (pé kì í ṣe déètì gidi) ló gbé wá. Ṣé kí n fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ni, àbí kí n kàn so wọ́n: èyí ṣáájú tọ̀hún? Bí mo bá wá rántí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó wà láàárín nọ́ńbà 3 sí 4 ńkọ́, ṣé màá tún gbogbo nọ́ńbà náà kọ ni?