Mẹkáníìkì fẹ́ gé DPF (asẹ́ èéfín) ọkọ̀ dísù mi dànù. Ṣé kí n gbà?

Ẹ kú ilé o. Kubwa ni mò ń gbé, l'Ábújá. Lọ́dún 2019, Stuttgart ní Jámánì lé ọkọ̀ dísù Euro 4 (ìwọ̀n èéfín àtijọ́ ti Yúróòpù) kúrò nígboro nítorí èéfín, ni àbúrò mi tó wà níbẹ̀ bá fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. (Ohun tí wọ́n lé lọ́hùn-ún ló dọlá fún wa níbí!)

DPF, asẹ́ tó ń dá dúdú èéfín dúró kó má bàa jáde, ló ń dí. Iná ẹ̀ ti ń tàn látoṣù tó kọjá, ọkọ̀ ò sì lè sáré mọ́. Mo ti wà á sáré lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú lẹ́ẹ̀mejì kó lè gbóná, kó jó ìdọ̀tí ẹ̀. Iná kú, ó tún tàn lọ́jọ́ kẹta. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo pààrọ̀ ilé epo tí mo ti ń ra dísù, pàbó ló já sí.

Mẹkáníìkì mi tó wà ní Apo ní imí-ọjọ́ inú dísù wa ló fà á, kí òun gé e. Ṣùgbọ́n ikọ́ fée ń ṣe ọmọ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí: níbo ni wọ́n ti ń tú DPF fọ̀ l'Ábújá tàbí Kaduna, oṣù mélòó ló sì lò fún yín kó tó tún dí?