Aládùúgbò mi ará Honduras kó sọ́wọ́ "notario": níbo la lè mú un lọ ní Houston?

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe tèmi, àmọ́ ó ń dùn mí wọra. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti obìnrin ará Honduras kan nílé tá à ń gbé nítòsí Bissonnet. Òun ló máa ń bá mi tọ́jú àwọn ìbejì tí mo bá ní iṣẹ́ alẹ́. Ó lé ní ọdún kan báyìí, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, Sípáníìṣì tèmi kò kọjá ká kí èèyàn láàárọ̀, síbẹ̀ à ń gbọ́ra wa yé.

Lálẹ́ àná ló kan ilẹ̀kùn, ó di àpò ìwé kan mú mọ́ àyà. Ọkùnrin kan tó kọ "Notario" gàdàgbà sára gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti gba 2,800 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun máa bá a ṣe páálí, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Látìgbà náà, "padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ló ń gbọ́. Ní báyìí, lẹ́tà ti dé láti kóòtù ìmígíréṣọ̀n, kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń kan òrùlé. Ọ̀gá rẹ̀ ti jẹ ẹ́ lówó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá ti béèrè, ọ̀gá á ní òun máa fi í lé ìmígíréṣọ̀n lọ́wọ́. Mo yẹ àwọn ìwé náà wò títí òru fi jìn, mi ò mọ ibi tí mo lè dì mú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọ̀nà?

Bọ̀dá Alief

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àdúrótì. Lẹ́tà kóòtù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ná. Ẹ máa rí nọ́ńbà kan lórí ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "A". Kó pe 1-800-898-7180. Ẹ̀rọ ló ń dáhùn, tọ̀sán-tòru, Sípáníìṣì sì wà níbẹ̀. Tó bá ti tẹ nọ́ńbà A yẹn, yóò gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ẹjọ́ sí àti kóòtù tó wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá lórí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá yọjú, adájọ́ lè dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n lé e padà, ọwọ́ sì máa ń nira kó tó tún un ṣe. Tó bá ti kó kúrò nílé tó wà lórí ìwé, fọ́ọ̀mù EOIR-33 ló máa fi sọ fún kóòtù, láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ "notario" yẹn, mo fẹ́ kí gbogbo wa fetí sí i, torí ó kan àwa náà. Ní Mẹ́síkò àti ní ìlú tó pọ̀ lápá ibẹ̀, agbẹjọ́rò tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń wo èèyàn lójú kó fọwọ́ síwèé, kó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ni notary. Kò kà nípa òfin, kò sì láṣẹ láti gbani nímọ̀ràn. Òfin Texas dìídì sọ pé notary kankan ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ "notario público" polówó ara rẹ̀. Ẹ wá wo tiwa: ní Nàìjíríà, lọ́yà nìkan ni Adájọ́ Àgbà máa ń fi joyè notary. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tó ń tan àwọn ará Honduras ló ń tan tiwa náà. Mo mọ ẹni tó ti Ìbàdàn dé, tó gbé gbogbo ìwé rẹ̀ fún notary nítorí ó rò pé lọ́yà ló bá pàdé.

Oríṣi èèyàn méjì ló lè gba ẹjọ́ páálí: lọ́yà, tàbí aṣojú tí Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ fún níwèé àṣẹ, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀. Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ náà, ní ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní Houston níbí, ẹ wo Cabrini Center ti Catholic Charities, ẹ wo BakerRipley tó wà ní Gulfton. Wọn ò ní bi yín bóyá Látínò ni yín. Irú ibẹ̀ ni mo ti ṣe ìwé ọmọ ìlú tèmi. Gbogbo ẹni tó jókòó sí yàrá náà, Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ. Ìyá àgbàlagbà kan sún àga fún mi, ó bù mí ní búrẹ́dì. Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Mi ò gbàgbé ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá a gba gbogbo ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, pàápàá ìwé ìbí àti ìwé ìrìnnà. Kó má fọwọ́ sí nǹkan kan níbẹ̀. Kó tọ́jú rìsíìtì, kó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Ọ́fíìsì Attorney General Texas, ìyẹn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, ló ń gba ẹ̀sùn irú jìbìtì bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà Katy

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti fi bá àwọn Látínò ṣiṣẹ́ lórí òrùlé, mo mọ ìwà àwọn ọ̀gá yẹn.

Òfin owó iṣẹ́ kì í béèrè páálí. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ ni. Texas Workforce Commission, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ń gba ẹ̀sùn owó tí wọ́n jẹ èèyàn, àmọ́ ọjọ́ 180 péré ni wọ́n fún un, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti sanwó. Tó bá jẹ́ pé owó tó ń gbà kò tó iye tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí, tàbí wọn ò san àlékún lórí wákàtí tó kọjá 40 lọ́sẹ̀, Ilé Iṣẹ́ Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni kó pè, 1-866-487-9243. Tiwọn jẹ́ ọdún méjì, ó di mẹ́ta tí ọ̀gá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tí wọn ò sanwó fún rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè gba ọ̀nà méjèèjì yẹ̀ wò. Ọ̀gá lè ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, pé kọngílá, ìyẹn agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró, ni. Kó má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà á. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an ni wọ́n máa wò, kì í ṣe orúkọ tí ọ̀gá fún un.

Ohun tó ń gbani ni àkọsílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti El Salvador ní ìwé kékeré kan tó máa ń kì bọ àpò ẹ̀yìn. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan: aago tó dé, aago tó sọ̀ kalẹ̀, àdírẹ́sì ilé tí wọ́n kàn, orúkọ tó wà lára ọkọ̀ ọ̀gá, nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Òógùn ti pa yíǹkì rẹ́ láwọn ibì kan, ọ̀dà ti dà sí ìdajì rẹ̀. Ọ̀gá sẹ́, ó lóun ò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé náà, tí wọ́n rí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mọ́kàndínlógún, kò rí nǹkan sọ mọ́. Ó sanwó.

Kí ọkọ aládùúgbò yín jókòó lónìí kó kọ gbogbo èyí tó bá rántí. Kó kọ ọjọ́ tí ọ̀gá sọ pé òun máa pe ìmígíréṣọ̀n náà sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, nítorí kí wọ́n máa halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ torí pé ó béèrè owó rẹ̀ lòdì sófin fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti máa bá a kọ ẹ̀sùn náà ní Sípáníìṣì ni Fe y Justicia Worker Center, Houston níbí ni wọ́n wà.

Àbúrò Atlanta

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé kò ní kó Ìyá Ìbejì fúnra wọn sí wàhálà? Ìgbà yìí le. Páálí tiwọn ńkọ́?

Bọ̀dá Alief

Àbúrò, ìbéèrè tó tọ́ ni. Kéèyàn sin aládùúgbò lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ kí Ìyá Ìbejì ṣe ni kí wọ́n bá a kọ fọ́ọ̀mù ìmígíréṣọ̀n tàbí kí wọ́n sọ fún un pé "báyìí ni kó o dáhùn". Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn.

Àwa tá a ní káàdì ìgbélùú (green card), òfin ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún 18 máa mú un rìn. Ẹ má fi í sínú dúrọ́ọ̀ nílé.

Ní ti ilẹ̀kùn: tí wọ́n bá kàn án, ẹ má ṣí. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé àṣẹ sí fèrèsé tàbí kí wọ́n ti í gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ adájọ́ kóòtù ló fọwọ́ sí i, tí àdírẹ́sì yín sì wà níbẹ̀, àṣẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ló fọwọ́ sí i, bí irú fọ́ọ̀mù I-200 tàbí I-205, ìyẹn nìkan kò fún wọn láṣẹ láti wọ inú ilé láìjẹ́ pé ẹ gbà fún wọn. Tí wọ́n bá fipá wọlé, ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ pé ẹ ò gbà, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ béèrè lọ́yà. Ẹgbẹ́ Immigrant Legal Resource Center ló tẹ káàdì pupa kékeré tí gbogbo èyí wà lórí ẹ̀, ní Sípáníìṣì àti ní èdè mìíràn. Mo ní kan nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi.

Nọ́ọ̀sì Pearland

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Ìyá Ìbejì, ṣé àwọn ọmọ obìnrin yẹn ló ń túmọ̀ fún un? Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní wọ́ọ̀dù wa tí dókítà ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé oyún inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ náà ń wo bàtà rẹ̀, kò lè gbórí sókè. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mo lọ pe ògbufọ̀ lórí fóònù. Ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orí òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú ti 1964 lèyí dúró lé, kì í ṣe àánú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ kan náà ni màmá yín ní, tó bá ti Ọ̀yọ́ dé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sáà béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kọ́mọ máa túmọ̀. Kóòtù ìmígíréṣọ̀n náà ń pèsè ògbufọ̀.

Bàbá Sugar Land

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó la ọ̀nà tá à ń tọ̀ yìí.

Tẹ́ ẹ bá gba títì 59 tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tẹ́ ẹ forí lé Victoria, ẹ máa kan Edna. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹjọ́ Pete Hernandez, ọmọ Mẹ́síkò kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀, Gus García pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé fún ọdún 25, kò sí ọmọ Mẹ́síkò kan tó jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ ní agbègbè yẹn. Nínú ọgbà kóòtù náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin méjì ló wà: ọ̀kan kò ní àkọlé, èkejì ni wọ́n kọ "Colored Men" sí, tí wọ́n kọ "Hombres Aquí" sí abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé èmi àti àwọn Látínò, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n yàn fún wa. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá wọn láre ní oṣù karùn-ún 1954, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ìdájọ́ Brown tó fòpin sí yíya àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́. LULAC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Látínò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Corpus Christi ní 1929, àti American G.I. Forum, ẹgbẹ́ àwọn Látínò tó ti ṣe sójà Amẹ́ríkà, ló ti ẹjọ́ náà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni MALDEF, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò tó ń jà fún àwọn ọmọ Mẹ́síkò ní Amẹ́ríkà, dé, San Antonio, 1968. Ẹjọ́ tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn làwọn ń jà, wọn kì í ṣe ọ́fíìsì páálí. Ní 1977, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú Tyler ní Texas ní kí ọmọ tí kò ní ìwé san 1,000 dọ́là lọ́dún kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn òbí kan pẹjọ́, MALDEF ló bá wọn rò ó. Aago mẹ́fà ìdájí ni adájọ́ gbọ́ ọ, kí ojú má baà pọ̀. Àwọn òbí náà ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó wá, torí wọ́n rò pé wọ́n lè ti ibẹ̀ kó wọn lọ. Wọ́n ṣì wá. Ní 1982, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá wọn láre, Plyler v. Doe ni wọ́n ń pe ìdájọ́ náà. Òun ni kò jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lè lé ọmọ ẹnikẹ́ni padà nítorí páálí, ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Honduras.

Ọmọ Awo, Arlington

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òrìṣà kún un. Ní Hialeah, Florida, àwọn ará Kúbà tó ń bọ òrìṣà fẹ́ dá ilé ìjọsìn sílẹ̀ lórúkọ Babalú Ayé, Ọbalúayé wa yẹn gan-an. Ní 1987 ìlú náà sáré ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹran rúbọ. Ní 1993, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin náà, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò. Nítòsí mi níbí, ní Euless, José Merced tó jẹ́ ọmọ Puerto Rico tún pe ìlú rẹ̀ lẹ́jọ́ torí ewúrẹ́ tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fi ṣètùtù nílé rẹ̀. Ó jàre ní 2009, lábẹ́ òfin ẹ̀sìn ti Texas. Àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ló gba ẹ̀tọ́ òrìṣà Yorùbá sílẹ̀ fún wa nílùú yìí.

Ìyá Ìbejì, Houston

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ.

A pe nọ́ńbà yẹn nínú kíṣìnnì mi. Ó gbé fóònù sáàárín wa lórí tábìlì, ó ń tẹ nọ́ńbà A náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọjọ́ ẹjọ́ ku ọjọ́ mọ́kànlélógún. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀ Sátidé, èmi, òun, àti ìyàwó pásítọ̀ wọn. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ń pariwo, nígbà tó rí i pé a ò lọ, ó kó fáìlì náà jáde. Kò sí rìsíìtì ìjọba kankan níbẹ̀. Kò fi ìwé kankan ránṣẹ́ rárá.

Aṣojú tó níwèé àṣẹ ti rí i. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni ọjọ́ tó wọ Amẹ́ríkà, torí ọdún kan lòfin fún ẹni tó bá fẹ́ tọrọ ààbò, àfi tó bá ní ìdí tí òfin mọ̀. Wọ́n ní kó kó gbogbo rìsíìtì ọkùnrin yẹn wá, àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ rẹ̀ ti fi ẹ̀sùn owó rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ 180 rẹ̀ kò tíì lọ sí ìdajì. Ìwé kékeré ti wà lápò rẹ̀ báyìí.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Èmi ni mo máa wà á lọ sí kóòtù lọ́jọ́ náà, aago mẹ́jọ àárọ̀. Òun ló sì máa ń bá mi gba àwọn ìbejì. Ta ló wà lápá Bissonnet tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ mi títí di ọ̀sán?

Nọ́ọ̀sì Pearland

Mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Aago méje ni mo máa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yín. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ń jẹ fún mi.